Kí O Tó Kọ́ Wọn Nípa Ìlú Ìnilára

Thamesmead, Lọ́ńdọ̀nù.
Ọjọ́ Ajé, ọ̀sán.

Tèmítọ́pẹ́ ọmọ mi, Àníkẹ́ ọkàn mi,

Bí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, jọ̀wọ́ má kà á nínú bọ́ọ̀sì. Wá ibi kan jókòó sí. Mo mọ̀ pé o ò tíì tú gbogbo ẹrù rẹ ní Leeds, mo sì mọ̀ pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ tíṣà rẹ máa bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Kì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì mi kò tó o, ṣùgbọ́n tí mo bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, mo mọ bí mo ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sá pamọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ. Ibi tí kò bá yé ọ, kà á sókè, etí rẹ á bá ọ mú un.

Ọjọ́ Sátidé tí o wá dágbére ló fa gbogbo rẹ̀. Mo ń din dòdò, ìwọ jókòó sórí àga ilé ìdáná, ò ń ka ohun tí o fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ sí mi létí. O ní ìwé ìtàn ìlú ìnilára ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, àwọn ìtàn ayé ọ̀la tí gbogbo nǹkan ti dojú rú. O ní ẹni yòówù kó kọ wọ́n, nǹkan kan náà ló máa ń wà nínú wọn. Ò ń fi ìka kà wọ́n fún mi: olórí kan tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ fẹ́ràn, òfin lára ògiri, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà, ìbẹ̀rù ohun tó wà níta, ojú tó ń ṣọ́ni àti ará ilé tó ń fẹjọ́ ará ilé sùn, ìtàn àná tí wọ́n pa rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan tí ojú rẹ̀ là.

Nígbà tí o gbójú sókè, ó ní láti jẹ́ pé ojú mi ti yí padà, torí o rẹ́rìn-ín, o ní, "Mummy, má wò mí bẹ́ẹ̀ jàre. Ìtàn lásán ni. Irú ibẹ̀ yẹn ò sí."

Mo ní, "Ṣé o ṣì máa jẹ dòdò sí i?"

Ọmọ mi, irú ibẹ̀ yẹn wà. Mo ti gbé ibẹ̀ rí. Oṣù mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀, ní South Thamesmead níbí, ibi tí bọ́ọ̀sì tó ń kọjá níwájú ilé wa máa ń gbà lọ sí Abbey Wood. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi jìn sí kòtò lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo tún ti ẹlòmíràn sínú rẹ̀. Ìyẹn ni mi ò sọ fún ọ rí.

Daddy rẹ mọ̀ pé mo gbé nílé kan tí kò dáa kí a tó pàdé. Lánàá ni mo sọ ìyókù fún un, kí ó má baà jẹ́ pé ìwọ lo máa kọ́kọ́ mọ̀. Ó dìde, ó lọ bu omi mu, ó padà wá jókòó tì mí.

Jẹ́ kí n tẹ̀lé ìka rẹ bí o ṣe kà wọ́n.

Èkínní ni olórí. Obìnrin kan láti apá Ìjẹ̀bú wa ni, ó ní iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń rán àwọn ọmọbìnrin lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Òun ló kọ̀wé pè mí wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. A ń pè é ní Màmá Ilé. O máa rí i pé "ó" ni mo ń lò fún un nínú lẹ́tà yìí, kì í ṣe "wọ́n". Ó pẹ́ gan-an kí ẹnu mi tó lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi, kì í ṣe òṣónú o. Ọjọ́ tí mo dé, ó dúró dè mí ní pápá ọkọ̀ òfurufú pẹ̀lú kóòtù tuntun lọ́wọ́. Nígbà tí a délé, ó gbé omi gbígbóná wá, ó ní kí n ki ẹsẹ̀ mi bọ̀ ọ́, ó sì kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ ọ fún mi. Mo sunkún. Mo ní Ọlọ́run ti fún mi ní ìyá míràn. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣáà ń retí ojú ìkà, mi ò sì rí i. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Nítorí náà, má kọ́ àwọn ọmọ yẹn láti máa wá ojú burúkú kiri. Kọ́ wọn kí wọ́n máa bi ara wọn pé: ẹni tó ń ṣe mí lóore yìí, ṣé mo lè sọ pé "rárá" fún un?

Èkejì ni òfin. Ara ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Nígbà tí mo dé, méjì péré ni: bọ́ bàtà rẹ, fọ abọ́ tí o fi jẹun. Ta ni ìyẹn máa bí nínú? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n kọ ẹ̀kẹta sí i, pé kí a kó ìwé ìrìnnà wa wá kí ó má baà sọnù. Ẹ̀kẹrin ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá jáde àfi tó bá ń lọ síbi iṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí bébà náà kún dé ìsàlẹ̀, a ti ń tọrọ àyè kí a tó ṣí fèrèsé yàrá tí à ń sùn.

Àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà, o sọ ọ́ bí ẹni pé ọgbọ́n àwọn òǹkọ̀wé ni. Nílé yẹn, bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ọ́ níyà, "ìsinmi" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní o wà lórí ìsinmi. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá ọ sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wo ojú rẹ, títí Màmá Ilé á fi sọ pé ó tó. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, àwa ọmọbìnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí à ń gbé ilé náà á jókòó yíká ní pálọ̀, oníkálukú á sọ ohun tó rí tí ẹnì kejì rẹ̀ ṣe lọ́sẹ̀ yẹn. "Ìfẹ́ ará" ni wọ́n pe ìyẹn. Tí o bá dákẹ́, á jẹ́ pé o ò nífẹ̀ẹ́ nìyẹn. Ibikíbi tí o bá bá ara rẹ, ọmọ mi, yálà níléewé ni tàbí nílé ọkọ, bí wọ́n bá fi orúkọ rere pe ohun búburú, fi orúkọ rẹ̀ gan-an pè é nínú ara rẹ, ó kéré tán. Bí o bá gbàgbé orúkọ rẹ̀, ò ń bọ̀ wá ṣe é.

Ìta ńkọ́? Màmá Ilé ní ọlọ́pàá dúró sí ìdíkọ̀ Woolwich, wọ́n ń wá irú ojú wa. Ó ní lọ́jọ́ tí òun bá yọ ọwọ́ òun, ìwé wa ti di bébà lásán. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mò ń tọ́jú bàbá òyìnbó kan ní Abbey Wood nígbà yẹn, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n. Ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, á bi mí pé, "Ṣé kò sí wàhálà?" Ní gbogbo àárọ̀, màá dáhùn pé, "Kò sí, sà."

Ó wá ku Adékẹ́mi.

Ọmọ Ìkirè ni. Yàrá kan náà la jọ ń sùn. Ó ti lo ọdún kan níbẹ̀ kí n tó dé, òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń rìn lórí yìnyín láìṣubú. Súwẹ́tà rẹ̀ aláwọ̀ ewé ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ torí tèmi ò nípọn. Òun ló ń dirun fún mi. Tó bá ń dirun, á máa fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sín Màmá Ilé jẹ, èmi á ki aṣọ bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde.

Màmá Ilé lẹ fọ́tò gbogbo wa mọ́ ògiri pálọ̀. Bí ọmọbìnrin kan bá lọ, tàbí tí wọ́n bá lé e, wọ́n á yọ fọ́tò rẹ̀, a ò sì gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́. Adékẹ́mi ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé kékeré kan: orúkọ, ìlú tí wọ́n ti wá, ọjọ́ tí wọ́n jáde. Ó fi hàn mí. Ó ní, "Fọláṣadé, lọ́jọ́ kan, màá kó ìwé yìí fún ẹni tó máa lè ṣe nǹkan sí i. Ìwọ nìkan ni mo fi hàn."

Ìwọ nìkan, ó wí bẹ́ẹ̀.

Nígbà yẹn, ara màmá mi, ìyá àgbà tí o kò bá láyé, kò yá. Fóònù kan ṣoṣo ló wà nínú ilé, yàrá Màmá Ilé ló wà, ó sì ní kọ́kọ́rọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tí mo ti gbọ́ ohùn ìyá mi kẹ́yìn. Mi ò mọ̀ bóyá ó wà láàyè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá Ilé pè mí wọ yàrá rẹ̀. Ó po tíì fún mi, ó da mílíìkì sí i dáadáa. Ó gbé fóònù lé mi lórí itan, ó sì gbé ọwọ́ ara rẹ̀ lé e.

"Fọláṣadé, ó tó ìgbà wo tí o ti gbọ́ ohùn màmá ẹ?"

"Ó ti pẹ́, mà."

"Ìwọ àti Adékẹ́mi lẹ jọ ń gbé yàrá. Kí ló máa ń kọ?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"O mọ̀." Kò pariwo. Ó tilẹ̀ ń fi ọwọ́ kejì pa mí lórí. "Mi ò ní fi nǹkan kan ṣe é. Mo kàn fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni."

Mo wo fóònù yẹn. Mo ní, "Ìwé kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, mà, níbi tó máa ń kọ orí sí."

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí fóònù.

Tèmítọ́pẹ́, mo bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ilé ọ̀gá iléewé kan nítòsí rẹ̀ ni fóònù wà, wọ́n lọ pè é wá, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ bó ṣe ń bọ̀. Ara rẹ̀ ti ń yá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún mi, ó ní, "Àánú tí o bá ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ, Olúwa á ṣe é fún ọ." Mo ní, "Àmín." Mo ní "Àmín" náà sókè, torí Màmá Ilé ń gbọ́.

Ní Sátidé, ìwé yẹn ti wà lórí tábìlì pálọ̀. Ó ní kí a máa gbé e fún ara wa, kí oníkálukú ka ojú ìwé kan sókè. Nígbà tó kàn mí, ohùn mi kò gbọ̀n. Adékẹ́mi kò wo Màmá Ilé. Èmi ló ń wò. Wọ́n fi í sórí ìsinmi. Ọjọ́ mẹ́rin la fi jọ sùn nínú yàrá kan tí mi ò bá a sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ òun náà ò bẹ̀ mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, wọ́n tì í síta pẹ̀lú báàgì kékeré kan. Wọ́n gba kóòtù rẹ̀, wọ́n ní ti ilé ni. Yìnyín bo ilẹ̀. Ó kọjá sí òdìkejì títì, ó yíjú padà, ó wo fèrèsé yàrá wa, ó sì gbé ọwọ́ sókè. Mi ò mọ ohun tó ń béèrè. Ó lè jẹ́ súwẹ́tà rẹ̀. Ọrùn mi ló wà. Mo lè ṣí fèrèsé kí n jù ú sí i. Kì bá tí gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo fa aṣọ bo fèrèsé.

Jọ̀wọ́, ọmọ mi, má dá mi láre níbí yìí kí o tó kà á tán. Mo mọ inú rẹ. O ti fẹ́ máa sọ pé wọ́n fipá mú mi ni. Kò sẹ́ni tó di ọwọ́ mi mú nídìí fèrèsé yẹn.

Wọ́n yọ fọ́tò rẹ̀. Wọ́n yìn mí ní ìpàdé Sátidé. Nígbà tí ọmọ tuntun dé, Rónkẹ́, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, yàrá mi ni wọ́n fi sí, wọ́n ní kí n máa fojú tó o. Ó ń sunkún nílé ìwẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun máa sá lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Màmá Ilé bá mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Ó ní, "Kí ni Rónkẹ́ ń sọ?"

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù láyé mi nìyí. Kò tíì fi nǹkan kan lọ̀ mí. Kò sí tíì, kò sí fóònù. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi, ó ti ṣe tán. Mo rí i pé òfin ara ilẹ̀kùn yẹn kò nílò ilẹ̀kùn mọ́, inú mi ló ti wà.

Mo gbé e mì. Mo ní, "Kò sọ nǹkan kan, mà. Àárò ilé ló ń sọ ọ́."

Irọ́ kan ṣoṣo tí mi ò tíì tọrọ àforíjì rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá òyìnbó yẹn bi mí pé ṣé kò sí wàhálà. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ó wà o, sà." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n yẹn pe ọmọbìnrin rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣi nọ́ńbà tẹ̀ kó tó wọlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, obìnrin náà wa ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé náà. Mo wọlé lọ mú Rónkẹ́ lọ́wọ́.

Màmá Ilé dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. "Fọláṣadé, níbo lò ń lọ?"

"Mò ń lọ, mà."

"Ta ló máa gbà ẹ́ níta yẹn?"

Rónkẹ́ ń fún mi lọ́wọ́ débi pé ó ń dùn mí. Mo ti ilẹ̀kùn, ó sì ṣí. Kò tì, Àníkẹ́. Ní gbogbo oṣù mọ́kànlá yẹn, kò tì lọ́sàn-án rí.

Obìnrin yẹn mú wa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣèrànwọ́ fún irú wa. Wọ́n wo ìwé mi, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé ìrìnnà wa padà wá. Kó tó di oṣù méjì, ilé yẹn ti ṣófo, àwọn ọmọ tó kù ti tú ká. Màmá Ilé kó lọ. Mi ò mọ ibi tó wà.

Adékẹ́mi ni mo wá. Mo béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ìkirè. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọdún ń gorí ọdún. Mo fẹ́ Daddy rẹ, mo bí ọ. Lọ́jọ́ kan mo gbé ọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Woolwich, nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn, ó pe orúkọ rẹ, ó pè é pẹ̀lú àmì ohùn gbogbo, bí ẹni tí wọ́n bí nílé. Mo gbójú sókè. Òun ni.

Ó mọ̀ mí. Ó gbà ọ́ lọ́wọ́ mi, ó ń kọrin fún ọ, ó gún ọ ní abẹ́rẹ́ jẹ́jẹ́ débi pé o kò tètè sunkún. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ìgbà náà ni mo ní, "Adékẹ́mi, èmi ni mo sọ."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ìwọ nìkan lo mọ ibi tí mo ń kọ orí sí."

Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Jọ̀wọ́, dìde. Ibi iṣẹ́ mi nìyí."

"Dárí jì mí."

Ó ní, "Mo ti dárí jì ẹ́, kí èmi náà lè rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n má wá sílé mi." Ó bá ṣílẹ̀kùn, ó pe orúkọ ọmọ tó kàn.

Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. A máa ń pàdé ní ilé ìtajà ńlá tó wà ní Thamesmead Town Centre. A máa ń kí ara wa. Ó máa ń béèrè rẹ, ó sì máa ń sọ pé kí n kí ọ. Mi ò jẹ́ kí ìkíni náà dé ọ̀dọ̀ rẹ rí, torí o máa béèrè ẹni tó jẹ́. Lẹ́yìn náà, oníkálukú á ti kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ lọ. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n mọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òwe yẹn lẹ́nu bàbá mi, mo rò pé àwọn tó ń ta ẹrú láyé àtijọ́ ni wọ́n pa á fún.

Ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí sí ọ rèé. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ máa ka ìwé yẹn, gbogbo wọn pátá ló sì máa rò pé àwọn ni ẹni tí ojú rẹ̀ là. Ìwọ náà rò bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tó ń bá ẹni tó fẹjọ́ sùn kẹ́dùn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá dé ibẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n sáré kọjá. Ní kí wọ́n dúró. Bi wọ́n pé, kí ni ẹni yẹn ń fẹ́? Ohùn ta ló fẹ́ gbọ́? Bí ẹnì kan bá sì pè ọ́ jókòó níbi iṣẹ́ rẹ, tó po tíì fún ọ, tó ní kí o sọ díẹ̀ fún òun nípa ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ti àkọ́kọ́ ni kí o kọ̀. Ti àkọ́kọ́ ló rọrùn jù láti kọ̀, ọmọ mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu rẹ á ti máa dá lọ fúnra rẹ̀.

Mi ò ní pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ kí o tó mọ irú ohùn tí o fẹ́ fi bá mi sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ìbínú ni, fi ìbínú pè mí, màá gbé e. Bó bá sì gba ọjọ́ pípẹ́, ilé ni mo wà.

Adékẹ́mi ní kí n kí ọ.

Ìyá rẹ ni mí,
Fọláṣadé.